Kókó Orí Onílé Gogoro

"Ojú gbooro o!"

Bí wọ́n ṣe ń kí onídìrí nìyẹn bí wọ́n bá bá a lẹ́nu iṣẹ́. Òun náà á dáhùn pé, "Òòyà á yà á o." Kò sí ẹni tí kò mọ ìkíni yìí nígbà tí mo wà ní kékeré. Ohun tí èmi ò mọ̀, lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí bàbá mi mú mi lọ kọ́ṣẹ́ irun ní ìsọ̀ Ìyá Ìdọ̀fà ní Ìlaròó, ni pé ẹni tó ni iṣẹ́ nìkan ló ni ìkíni náà.

Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mí nígbà náà. Wọ́n ní kí n máa tú irun àtijọ́ kúrò lórí obìnrin kan, kí Ìyá tó kó tuntun fún un. Mo fọkàn sí iṣẹ́ náà bí ẹni tí wọ́n gbé ìjọba lé lọ́wọ́. Bàbá àgbàlagbà kan gun kẹ̀kẹ́ kọjá, ó sì ké sí wa pé, "Ojú gbooro o!" Wọ́n ti kọ́ mi nílé pé kí n má jẹ́ kí ìkíni àgbà já bọ́ sílẹ̀. Mo yára dáhùn kí ẹnikẹ́ni tó lanu.

"Òòyà á yà á o, bàbá!"

Ìyá Ìdọ̀fà gbé òòyà onírù gígùn tó wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n fi ìrù rẹ̀ gbá mi léegun ìka.

"Irun wo lò ń dì?"

"Mo ń tú u ni, mà."

"Ẹni tó ń tú irun, ṣé òun ni wọ́n ń kí lójú gbooro? Gbẹ́nu ẹ dákẹ́. Lọ́jọ́ tó o bá di onídìrí, èmi fúnra mi ni màá kí ẹ."

Gbogbo ìsọ̀ rẹ́rìn-ín. Oníbàárà tí mo ń tú irun fún rẹ́rìn-ín débi pé orí rẹ̀ bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í retí ọjọ́ tí Ìyá yóò kí mi.

Ìdọ̀fà, lọ́nà Ìmẹ̀kọ, ni Ìyá ti wá, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n, ìka wọn gùn, ahọ́n wọn sì mú. Abẹ́ igi àgbálùmọ̀ ni ìsọ̀ wọn wà, pákó mẹ́rin àti páànù tó ti dípẹtà. Ṣùgbọ́n láti Ayétòrò títí dé Ìdírókò, àwọn obìnrin ń wọ ọkọ̀ wá síbẹ̀, nítorí irun kan ṣoṣo: Onílé Gogoro.

Àwọn ọdún 1970 là ń wí. Lékòó, wọ́n ń kọ́ ilé tó ga tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó bá fẹ́ wo òkè rẹ̀ á di fìlà mú. Àwa tí a kò dé Èkó rí gbé ilé náà sórí. Ayé ìgbà yẹn dùn, ẹ jọ̀ọ́. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin ń wọ ṣòkòtò tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó ń gbálẹ̀, wọ́n ń gun bàtà onípẹpẹ gíga, gíláàsì dúdú bo ojú wọn dé ẹ̀rẹ̀kẹ́. Àwọn obìnrin ń ró ìró tí kò kọjá orúnkún. Rẹ́kọ́dù ń ké láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù. Àwa onídìrí ni a sì fi adé sí gbogbo rẹ̀ lórí.

Bí a ṣe ń ṣe Onílé Gogoro nìyí. A ó pín irun sí ọ̀nà mẹ́jọ. A ó fi òwú dúdú wé ìdì kọ̀ọ̀kan láti ìdí dé orí, títí tí yóò fi le tí yóò sì dá dúró fúnra rẹ̀. Ẹsẹ̀ ilé la ń pè é. Lẹ́yìn náà, a ó gbé ẹsẹ̀ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ pàdé láàrin orí, wọn ó sì di ilé gíga. Níbi tí wọ́n ti pàdé lókè pátápátá, kókó kan wà níbẹ̀ tí kò tóbi ju ẹyọ ẹ̀wà lọ. Orí kókó yẹn ni gbogbo ilé náà dúró lé.

Èmi ò rí bí wọ́n ṣe ń so ó rí. Bí iṣẹ́ bá ti kù sí kókó, Ìyá á ní, "Lọ bá mi bu omi mu." Màá sáré lọ sídìí àmù lẹ́yìn ìsọ̀. Kí n tó dé, kókó ti wà lórí, Ìyá ti ń nu ọwọ́. Ó tó ọdún méjì tí mo fi rò pé òùngbẹ ni. Mo tiẹ̀ ń ṣàánú wọn, mo ń sọ fún ìyá mi nílé pé ara ọ̀gá mi gbóná nínú. Ìyá mi ló rẹ́rìn-ín títí tó fi jókòó sílẹ̀, ó wá sọ fún mi pé kókó ni wọ́n ń fi pamọ́. Ọjọ́ fírídọ̀mù, ọjọ́ tí wọ́n bá dá ọmọ iṣẹ́ sílẹ̀, nìkan ni ọ̀gá onídìrí ń fi í hàn.

Èmi ò dúró de ọjọ́ yẹn.

Ó ku oṣù márùn-ún kí n gba fírídọ̀mù nígbà tí ẹni tó fẹ́ fẹ́ mi sọ́nà gbé díráyà kan wọ̀lú láti Kútọnu. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń kì orí bọ̀ kí irun lè gbẹ ni. Àwọn obìnrin ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ irun tó ń dán tó ń lọ́ kọ́lọkọ̀lọ, òwú ti ń di ti ará oko lójú wọn. Ọmọkùnrin náà ní, "Kí lò ń retí? Ẹ̀rọ nìyí." Ojú mi fọ́. Mo ṣí ṣọ́ọ̀bù, ẹ gbọ́ ibi tí mo ṣí i sí: òdìkejì títì, ní ọ̀kánkán igi àgbálùmọ̀.

Àwọn oníbàárà Ìyá sọdá títì lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá kò bá mi jà, wọn ò tiẹ̀ wo ọ̀dọ̀ mi. Lọ́jọ́ kan, obìnrin kan tó ń kọjá ké sí mi pé, "Ojú gbooro o!" Mo sì fi ohùn òkè dáhùn, "Òòyà á yà á o!" Mo pariwo rẹ̀ kó lè dé abẹ́ igi lọ́hùn-ún. Ó dé ibẹ̀. Mo rí i tí orí Ìyá gbé sókè díẹ̀, tó sì tún padà sí iṣẹ́. Mo ti ṣe ohun tí kò dáa láyé mi, ṣùgbọ́n èyí ló ń tì mí lójú jù.

Kí òjò ọdún yẹn tó dá, Ìyá ti ká páànù wọn, wọ́n ti lọ sọ́dọ̀ àbúrò wọn ní Ìgbógìlà. Ẹni tó bá bi mí, màá ní mo gba fírídọ̀mù. Nígbà tó yá, èmi fúnra mi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á gbọ́.

Ó lé ní ogójì ọdún tí mo fi ṣe iṣẹ́ náà lọ. Rilásà dé, mo ṣe é. Wífọ́ọ̀nù dé, mo rán an. Wíìgì dé, mo lẹ̀ ẹ́. Mo bí ọmọ, mo di Màmá Tóyìn, mo kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́. Òwú dúdú wà nínú dúrọ́ọ̀ mi nísàlẹ̀, kò sẹ́ni tó béèrè rẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, ọmọbìnrin kan wọlé. Bó ṣe yọ lẹ́nu ọ̀nà, mo rò pé ojú mi ló ń tàn mí. Ṣòkòtò ẹlẹ́nu gbàràmù ló wọ̀, gíláàsì dúdú bo ìlàjì ojú rẹ̀, aago onírin tí wọ́n ń yí létí wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní Àríkẹ́ lòun ń jẹ́, akọ̀wé lòun ní póólì. Ó mú fọ́tò kan jáde nínú báàgì.

"Màmá, irun yìí ni mo fẹ́."

Fọ́tò dúdú-òun-funfun ni, kòkòrò ti jẹ etí rẹ̀, ojú ẹni inú rẹ̀ sì ti ṣá. Ọ̀dọ́bìnrin kan jókòó sídìí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, Onílé Gogoro dúró ṣánṣán lórí rẹ̀.  Ó dà bí ẹni pé mo gbọ́ òórùn àdín tí a fi ń pa orí nígbà náà.

"Ta nìyí?"

"Ìyá mi àgbà ni. Àwọn ló tọ́ mi. Ọ́fíìsì ìjọba níbí ni wọ́n ti ń tẹ̀wé. Wọ́n ti di olóògbé."

"Kí Ọlọ́run fọ̀run kẹ́ wọn. Ṣé òde lo fẹ́ fi lọ?"

"Rárá o. Ibi iṣẹ́ ni. Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, gbogbo ọjọ́."

Mo wò ó. Ó rí i pé kò yé mi, ló bá jókòó.

"Ẹ wò ó, Màmá. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń múra báyìí bí wọ́n bá ní ayẹyẹ ayé àtijọ́. Wọ́n á ya fọ́tò, ó di ọ̀la, wọ́n á bọ́ ọ dànù. Ìyá mi àgbà ò ṣe ayẹyẹ kankan nígbà tí wọ́n gbé irun yìí. Wọ́n gbé e lọ síbi iṣẹ́, wọ́n gbé e ra ata, wọ́n gbé e fọ abọ́. Aago wọn nìyí, mò ń fi wo àsìkò. Báàgì wọn nìyí, inú rẹ̀ ni mò ń kó oúnjẹ ọ̀sán sí. Irun nìkan ló kù."

Lẹ́yìn náà ló ṣí wíìgì orí rẹ̀. Mo ti rí orí púpọ̀, ṣùgbọ́n mo mí kanlẹ̀. Iwájú orí rẹ̀ ti pá wọ inú, níbi tí rilásà àti gọ́ọ̀mù wíìgì ti jẹ ẹ́. Irú iṣẹ́ ọwọ́ mi ni. Ó ní òun ti gé e kanlẹ̀ nígbà kan, òun sì ti ń tọ́jú èyí tó hù lábẹ́ wíìgì fún ọdún méjì. Dókítà ti kìlọ̀ fún un pé bí wọ́n bá tún fà á ní ìdí, kò ní hù mọ́.

"Nítorí náà, bí ẹ ò bá mọ̀ ọ́n, ẹ sọ fún mi. Mi ò ní òmíràn lórí."

Àsìkò tó yẹ kí n sọ òtítọ́ nìyẹn. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi mẹ́ta dúró, wọ́n ń wò mí.

"Ta ló máa mọ̀ ọ́n bí èmi ò bá mọ̀ ọ́n?" mo wí.

Mo gbé òwú. Mo wé e, mo fún un dáadáa, nítorí mo rò pé líle ló ń gbé ilé ró. Omi ń jáde lójú Àríkẹ́. Nígbà tó kan kókó, mo so ohun tí mo rò pé ó jọ kókó, ó sì dúró. A pàtẹ́wọ́. Bí ọmọ náà ṣe dìde báyìí, ilé tẹ̀, ó ṣubú sí etí òsì rẹ̀ bí ìtàkùn tó gbẹ. Mo wo iwájú orí rẹ̀: awọ ti lé róbótó róbótó níbi tí mo ti fà á. Mo tú gbogbo rẹ̀ láìdúró mí. 

"Àríkẹ́, irọ́ ni mo pa. Mi ò mọ kókó rẹ̀. Mi ò gba fírídọ̀mù." Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi gbọ́ ọ. Mo jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ. "Ẹni tó mọ̀ ọ́n wà ní Ìgbógìlà, bí wọ́n bá ṣì wà láyé. Ṣùgbọ́n wọn ò ní fẹ́ rí mi."

Ó ń fọwọ́ pa iwájú orí rẹ̀. Mo rò pé yóò bú mi.

"Bí wọn ò bá fẹ́ rí yín," ó wí, "bóyá wọ́n á fẹ́ rí mi."

A dúró títí awọ orí rẹ̀ fi balẹ̀. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, a wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Ìgbógìlà. Ẹ̀gẹ́ tí wọ́n sá lẹ́bàá ọ̀nà funfun báláú, mo ń ka ibi tí wọ́n sá a sí lọ́kọ̀ọ̀kan kí n má baà ronú. Ọ̀kadà gbé wa dé iwájú ilé alámọ̀ kan. Ìyá Ìdọ̀fà jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí. Wọ́n ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Ojú wọn méjèèjì ti funfun, wọn ò rí nǹkan kan mọ́. Ìka gígùn yẹn ti ká kò, ó ń gbé ẹ̀gúsí pẹ̀lú wàhálà.

Mo kúnlẹ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ti tò sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì fò lọ. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni, "Ojú gbooro o, Ìyá."

Ọwọ́ wọn dúró nínú igbá. Wọn ò dáhùn. 

"Ta lo mú wá?" ni wọ́n bi mí. Ó lé ní ogójì ọdún tí wọ́n ti gbọ́ ohùn mi kẹ́yìn, wọn ò sì bi mí pé ta ni mí.

"Èmi ni, Màmá," ọmọ náà wí. "Àríkẹ́ ni mò ń jẹ́."

"Gbé orí wá."

Àríkẹ́ jókòó síwájú wọn lórí ẹní. Ìyá nu ọwọ́ mọ́ ìró, wọ́n sì gbé e lé e lórí. Ìka tí kò lè mú ẹ̀gúsí dáadáa bẹ̀rẹ̀ sí í rìn nínú irun bí ẹni tó ń rìn nínú ilé bàbá rẹ̀.

"Ẹ̀gbẹ́ òsì lo máa ń fi sùn."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Kẹ́míkà ti wà lórí yìí rí. Ó ti kúrò, ó tó ọdún méjì. Àìsàn kan ṣe ẹ́ láàrin rẹ̀."

"Ibà ni, mà," Àríkẹ́ wí, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀.

"Ẹnìkan sì ti fà á láìpẹ́. Ó fà á láti ìdí. Ta ni?"

Mo ti fẹ́ dákẹ́. "Èmi ni, mà."

"Mo mọ̀. Ọwọ́ ẹ ni."

Orí mi wú. Mo ti ṣe irun fún ìyá àti ọmọ, mo ti ṣe fún ìyàwó tuntun àti opó, mi ò mọ̀ pé èèyàn lè ka orí báyìí. Ìka wọn dé ẹ̀yìn ọrùn Àríkẹ́, ó dúró níbẹ̀. Wọ́n pa á lọ, wọ́n pa á bọ̀.

"Irun ẹ̀yìn ọrùn yìí yí sí ọ̀tún, ó wá pín sí méjì. Mo ti kó irun báyìí rí. Orí kan ṣoṣo ni mo ti bá a pàdé. Kí ni wọ́n ń pe ìyá ẹ?"

"Ìyá mi àgbà ló tọ́ mi, mà. Àdùkẹ́ ni wọ́n ń jẹ́. Wọ́n ń tẹ̀wé ní ọ́fíìsì ìjọba."

"Àdùkẹ́ onítáìpù!" Ìyá Ìdọ̀fà rẹ́rìn-ín, eyín méjì tó kù hàn. "Gbogbo ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni mo ń rí i. Kì í jókòó jẹ́ẹ́, ìka rẹ̀ á máa tẹ orúnkún bí ẹni tó ń tẹ̀wé." Wọ́n wá kọjú síbi tí mo kúnlẹ̀ sí. "Ìwọ lo máa ń bu omi."

Àríkẹ́ fi ọwọ́ bo ojú, ó ń sunkún. Èmi náà ń sunkún. Irun inú fọ́tò yẹn, èmi ni mo tú èyí tó ṣáájú rẹ̀ kí wọ́n tó kó o. Mo ti wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Àmù ni mo wà nídìí rẹ̀.

"Ọwọ́ mi ò ká òwú mọ́," ni Ìyá wí. "Ìwọ ni wàá kó o. Mú òwú."

Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti iwájú, wọ́n gbá mi lọ́wọ́. Ẹ̀yìn ọrùn ni a ti ń bẹ̀rẹ̀. Mo wé ẹsẹ̀ àkọ́kọ́, wọ́n fi ìka kan tọ́ ìdí rẹ̀ wò, wọ́n ní kí n tú u. "O ń fún un lọ́rùn pa. Dẹ̀ ẹ́ nídìí kí ìrù òòyà lè gba ibẹ̀ kọjá. Àárín ni kó le, ìdí gbọ́dọ̀ mí." Mo tún un wé. Wọ́n tún ní kí n tú u. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni wọ́n dákẹ́, mo sì mọ̀ láti ìgbà èwe mi pé ìdákẹ́ yẹn ni ìyìn wọn. Ẹsẹ̀ mẹ́jọ dúró lórí ọmọ náà, ẹ̀kán omi kan kò jáde lójú rẹ̀. Ó tiẹ̀ ń tòògbé.

Ó ku kókó.

"Lọ bá mi bu omi mu," ni Ìyá wí.

Ẹ wò ó, mo dìde. Ẹni ọgọ́ta ọdún lé mẹ́ta, mo dìde, mo sì sáré. Ìgbà tí mo dé ìdí àmù lẹ́yìn ilé ni mo tó rántí ara mi. Mo dúró níbẹ̀ pẹ̀lú kọ́ọ̀pù lọ́wọ́. Mo ní ó dáa, ìyà tó tọ́ sí mi ni. Mo bu omi, mo gbé e padà.

Ìyá ò tíì fọwọ́ kan irun náà. Ọwọ́ wọn wà lórí itan. Wọ́n gba omi, wọ́n mu ún tán láìsinmi.

"Òùngbẹ ń gbẹ mí lóòótọ́ lónìí," wọ́n wí. "Sún mọ́ mi. Fi ọwọ́ ẹ sábẹ́ tèmi."

Báyìí ni mo ṣe rí i. A kì í so irun mọ́ irun. Òwú tó ṣẹ́kù lórí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni a ń so mọ́ra, méjì méjì, ẹsẹ̀ iwájú sí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tó kọjú sí i, kí wọ́n lè máa fara ti ara wọn. Irun kankan kò sí nínú kókó náà. Ìdí nìyẹn tí kò fi ń fà, tí kò sì ń wó. Ohun tó kéré tó bẹ́ẹ̀! Mo ti gbé díráyà, mo ti gbé iná mànàmáná, mo ti gbé oríṣiríṣi kẹ́míkà ilẹ̀ òkèèrè lé èèyàn lórí, nǹkan tó kéré tó ẹyọ ẹ̀wà ni mi ò mọ̀.

Ìyá fọwọ́ kàn án lókè. "Ó dúró," wọ́n wí, wọ́n sì na ọwọ́ sí igbá ẹ̀gúsí wọn.

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja bí ọkùnrin. "Ìyá, ẹ foríjì mí."

"Ọ̀nà jìn," wọ́n wí. "Ẹ tètè máa lọ kí ọkọ̀ má baà wọ́n."

Wọn ò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Inú mi dùn nítorí Àríkẹ́, ṣùgbọ́n nínú bọ́ọ̀sì, mo mọ̀ pé wọn ò tíì dá mi sílẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo lọ dúró ní ìkóríta tó sún mọ́ póólì bí ẹni tó ń dúró de ọkọ̀. Àríkẹ́ ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀, báàgì ìyá rẹ̀ àgbà wà léjìká rẹ̀, kò sí wíìgì. Ilé náà dúró ṣánṣán lórí rẹ̀, oòrùn àárọ̀ ń gba àárín ẹsẹ̀ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ kọjá. Alákàrà gbàgbé àkàrà sínú epo. Àwọn ọlọ́kadà dákẹ́, ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ pé ìyẹn kì í ṣẹlẹ̀. Bàbá arúgbó kan tó jókòó síwájú ilé rẹ̀ dìde, ó ṣí fìlà.

"Mo rò pé mi ò tún ní fojú kan eléyìí mọ́ láyé," ó wí.

Àríkẹ́ kúnlẹ̀ kí i, ilé náà bá a kúnlẹ̀, ó sì bá a dìde láìmì. Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó rí i pé ó ti ń pẹ́, ó sì kánjú lọ síbi iṣẹ́. 

Láti ọ̀sẹ̀ yẹn ni wọ́n ti ń wá. Nọ́ọ̀sì wá, tíṣà wá, àwọn ọmọ póólì wá. Ìyá kan tó ń lọ sóko ní kí n dín gíga tòun kù kí ẹrù lè jókòó. Alhaja kan ní kí n kó tòun, bó tiẹ̀ jẹ́ pé ìbòrí ni yóò bò ó. Ó ní òun á mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Bí ẹ bá wọ báǹkì ní Ìlaròó lónìí, ẹ lè rí Onílé Gogoro méjì lórí ìlà, kò sì sẹ́ni tó ń lọ òde kankan nínú wọn. Ẹni tó bá bi mí níbi tí mo ti kọ́ ọ, mo ń sọ gbogbo rẹ̀ fún un, títí kan apá tó ń tì mí lójú. Bí iṣẹ́ bá sì kan kókó, mo máa ń pe àwọn ọmọ iṣẹ́ mi pé, "Ẹ sún mọ́ ibí."

Ó tó oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Kókó ni mo ń so, òwú wà láàrin eyín mi, àwọn ọmọ náà yí mi ká. Mo gbọ́ ìró ọ̀pá lẹ́nu ọ̀nà. Àríkẹ́ ló di arúgbó kan lọ́wọ́ mú wọlé. Mi ò mọ̀ pé ó ti ń lọ kí wọn ní Ìgbógìlà látìgbà náà, tó ń bá wọn ṣẹ́ ẹ̀gúsí. Ìyá Ìdọ̀fà dúró láàrin ṣọ́ọ̀bù mi, wọ́n dẹ etí, wọ́n ń gbọ́ bí òwú ṣe ń fa lọ́wọ́ mi.

"Ojú gbooro o," wọ́n wí.

Òwú bọ́ lẹ́nu mi. Láti ogójì ọdún ni àwọn èèyàn ti ń kí mi bẹ́ẹ̀, tí mo sì ń dáhùn ohun tí kì í ṣe tèmi. Lọ́tẹ̀ yìí, ó di tèmi. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ń wò mí.

"Òòyà á yà á o, Ìyá."

Wọ́n mi orí. Wọ́n fọwọ́ wá àga, wọ́n jókòó. Èyí tó kéré jù nínú àwọn ọmọ náà ti dìde láti lọ bu omi fún wọn, bí wọ́n ṣe ń ṣe fún àgbà.

"Òùngbẹ ń gbẹ mí," ni Ìyá wí, "ṣùgbọ́n padà jókòó. Wo ọwọ́ ọ̀gá ẹ ná."